Apollo Kọ́ Ló Ń Fọ́ Wa Lójú

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ọ̀rọ̀ ojú náà ni mo gbé wá sí ojú ewé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, n kò sì ní fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àrùn ojú tí gbogbo wa ń sá fún kì í sábà fọ́ni lójú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń fọ́ni lójú gan-an kì í bà wá lẹ́rù, nítorí pé kì í dunni.

Ẹni tí ó bá dúró ní àgbègbè èbúté Warri fún wákàtí kan péré yóò rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ń bá ojú jà: oòrùn tí ń ta padà lára omi, eruku ọ̀nà, èéfín ọkọ̀ àti iná àwọn jórinjórin. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó ń dẹ́rù ba ará Warri tó ojú pípọ́n. Bí ó bá ti wọ àdúgbò, ẹ ó gbọ́ ariwo, "Apollo don catch am o!" Kíá, ọjà awò dúdú á yá. Ẹni tí ó ní àrùn náà ń wọ awò kí ó má bàa kó o ran ẹlòmíràn, ẹni tí kò ní in ń wọ̀ ọ́ kí ó má bàa kó o. Ẹni tí ó bá wọ kíláàsì wa ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ á rò pé àwọn onífíìmù ni wọ́n kó jọ síbẹ̀.

Níbo ni orúkọ yìí ti wá? Ní oṣù kẹfà ọdún 1969, ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, ní ilẹ̀ Gánà. Ojú á wú, á máa ta, omi á máa dà, ẹ̀jẹ̀ á sì hàn lára ibi funfun ẹyinjú. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ní ogúnjọ́ oṣù keje, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin fi ẹsẹ̀ tẹ orí òṣùpá nínú ìrìn-àjò Apollo 11. Ariwo òṣùpá gba ayé kan, ni àwọn ènìyàn bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní láti òṣùpá ni wọ́n ti kó àrùn náà wá. Àmọ́ oṣù kẹfà ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀ ní Accra, ọkọ̀ Apollo 11 kò sì gbéra nílẹ̀ títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje. Òṣùpá kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Láti Gánà, àrùn náà wọ Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà, ó sì tàn dé ọ̀nà jíjìn. Ní 1970 ó ti dé Indonesia àti Singapore, ní 1971 ó dé Japan, níbi tí àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ ní enterovirus 70. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Florida, níbi tí Apollo 11 ti gbéra ní Amẹ́ríkà, kò rí àrùn "Apollo" yìí títí di 1981. Ọdún méjìlá gbáko! Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ wa lẹ́nu, kò sì burú. Ohun tí ó yẹ kí a kàn mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n tí à ń pè ní Apollo lónìí ni fáírọ́ọ̀sì yẹn fà. Àwọn fáírọ́ọ̀sì mìíràn wà, kòkòrò bakitéríà wà, eruku ọyẹ́ pàápàá lè mú kí ojú ẹlòmíràn pọ́n kí ó sì máa yún un.

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó yẹ kí a fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò: pé bí ènìyàn bá wo ojú ẹni tí ó ní Apollo, yóò kó o. Wíwò kì í ran àrùn. Ọwọ́ ni. Ẹni tí ó ní in fi ọwọ́ nu omijé, ó fi ọwọ́ kan náà bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ fi ọwọ́ ra ojú, ó parí. Táwẹ́ẹ̀lì tí ènìyàn mẹ́rin jọ ń lò ní yàrá kan, ìrọ̀rí, fóònù tí ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, gbogbo wọn ni ọkọ̀ tí àrùn náà ń wọ̀. Awò dúdú kò dínà fún ohunkóhun, oòrùn nìkan ni ó ń bá ojú tí ń dunni dín kù. Mo sì ti rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń yá ara wọn ní awò dúdú kan ṣoṣo lọ sí kíláàsì, tí wọ́n rò pé àrùn ni àwọn ń dènà. Ọṣẹ àti omi ló ń dènà rẹ̀, kí olúkúlùkù sì lo táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Kí ẹni tí ó ní in dúró sí yàrá fún ọjọ́ díẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ọjọ́ mẹ́wàá? Ibí ni ọ̀ràn wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, olùrànlọ́wọ́ ti dé láti yàrá mẹ́fà. Èyí ní kí o fi ìtọ̀ ara rẹ fọ̀ ọ́. Èyí ní omi ọmú ìyálọ́mọ ni. Òmíràn ní omi ṣúgà, omi iyọ̀, omi ewé, títí dé orí kẹrosíìnì àti omi bátìrì. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a rò ó. Ìtọ̀ lè gbé kòkòrò àtọ̀sí dé inú ojú, kòkòrò yìí sì wà lára àwọn tí ó lè dá ihò sí iwájú ẹyinjú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Omi ṣúgà àti omi ọmú jẹ́ oúnjẹ fún bakitéríà. Omi bátìrì, ásíìdì ni. Ohun tí ń jẹ aṣọ, tí ń jẹ irin, kí ni ó fẹ́ ṣe lójú ènìyàn? Iwájú ọmọlójú wa ní awọ tín-ín-rín kan tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì. Bí egbò bá dé ibẹ̀ tí ó sì jinlẹ̀, nígbà tí ó bá jinná, àpá funfun ni yóò fi sílẹ̀, a kì í sì í ríran gba inú àpá. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa sọ fún ayé pé Apollo ló fọ́ òun lójú. Irọ́ ni. Apollo ti fẹ́ máa lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó da nǹkan lé e.

Àwọn tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀làjú láàárín wa kò ṣe bẹ́ẹ̀, ilé kẹ́místì ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ fún mi ní oògùn Apollo." Ẹni tí ń tajà náà, tí ó lè má jẹ́ apoògùn rárá, á mú ìgò kékeré kan fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ìgò bẹ́ẹ̀ máa ń ní oògùn tí à ń pè ní steroid nínú. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, òun náà nìyẹn. Ó máa ń mú ojú funfun kíákíá, ìyẹn ni ó fi dùn ún lò. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ dókítà tí ó mọ ìdí tí ó fi fúnni, tí ó sì mọ ọjọ́ tí ó máa dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé egbò ló wà lójú, oògùn yìí lè jẹ́ kí ó gbilẹ̀. Bí ènìyàn bá sì ń kán an fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nítorí pé ojú ń yún un, ó lè mú kí inú ẹyinjú le, kí ó sì fa glaucoma fún ọmọ ogún ọdún. Ó tún lè fa kátárátì. Ojú funfun báláú, ó sì ń kú lọ ní abẹ́lẹ̀.

Kí n tó dé orí glaucoma, ẹ jẹ́ kí n ya bàrà díẹ̀. Ní igbó ojo ti gúúsù Nàìjíríà, aràn kan wà tí ń jẹ́ Loa loa, tí irú eṣinṣin kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé kiri. Ó lè fà kọjá lábẹ́ awọ funfun ẹyinjú tí gbogbo ènìyàn á máa wò ó. Ẹni tí ó bá rí i yóò pariwo, ó sì tó pariwo. Síbẹ̀, aràn tí ń dẹ́rù bani tó báyìí kì í sábà fọ́ni lójú. Kí ẹni tí ó bá rí i lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó má kàn lọ ra oògùn aràn ivermectin gbé mì, nítorí pé ó lè léwu gidigidi bí aràn náà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè rí i bí ìbẹ̀rù wa kò ṣe bá ewu dọ́gba.

Ó kan glaucoma wàyí. Inú ẹyinjú ní omi kan tí ara ń pèsè nígbà gbogbo, tí ó sì ń gba ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́ jáde, bí omi òjò ṣe ń gba gọ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Warri ní àsìkò òjò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí gọ́tà bá dí. Bí ọ̀nà àbájáde omi ojú kò bá já geere mọ́, inú ẹyinjú á máa le, á sì máa ni okùn iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára. Fọ́nrán okùn yìí á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ó tilẹ̀ lè ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ kò le púpọ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn ojú pẹ̀lú. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa kì í dunni, kì í pọ́n, kì í yún. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti ń kọ́kọ́ lọ, àárín á ṣì mọ́ kedere. Bàbá á ṣì máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa fẹsẹ̀ gbá ife omi tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá á máa fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn tí ó ti ń gbà kọjá láti ogún ọdún. Wọ́n á ní ara ló ń rẹ̀ wọ́n. Ojú kan á máa bo èkejì láṣìírí. Ìgbà tí àárín bá wá ṣókùnkùn ni ilé á dàrú, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe wọ́n. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyá àgbà tí wọ́n ń fura sí kò sí níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí okùn iṣan náà fi ń kú.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní iye. Láàárín 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà láàárín àwọn tí ó ti pé 40 ọdún sókè. Àwọn tí wọ́n yẹ ojú wọn wò lé ní 13,000. Nínú 100, nǹkan bí 4 ni kò ríran. Kátárátì ló fa 43 nínú 100 ìfọ́jú wọ̀nyí, glaucoma ló sì tẹ̀lé e pẹ̀lú nǹkan bí 16. Nǹkan bí 5 nínú 100 gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ní glaucoma, ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní in kò tó 6 nínú 100 wọn. Ẹ tún un kà. Nínú 100 tí olè wà nínú ilé wọn, ó lé ní 90 tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé.

Ìyàtọ̀ àrùn méjèèjì yìí ló yẹ kí ó wọ̀ wá létí jù. Kátárátì ni èyí tí awò inú ojú ń ṣú, tí ọmọlójú sì lè di funfun bí ẹni fi èéfín sí i. Èyí ṣeé tún ṣe: dókítà á yọ awò tí ó ti ṣú, á fi awò oníke rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí kì í sábà tó wákàtí kan sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí glaucoma bá ti mú lọ, kò sí dókítà láyé tí ó lè gbà á padà. Èyí tí ó kù nìkan ni oògùn kíkán ojoojúmọ́ tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bò. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní "ojú àgbà ni, ẹ fi Bàbá sílẹ̀", ohun méjì ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan: bí ó bá jẹ́ kátárátì, wọ́n fi Bàbá sínú òkùnkùn tí kò yẹ kí ó wà, bí ó bá jẹ́ glaucoma, wọ́n jẹ́ kí èyí tí ó kù lọ.

Àwọn kan kò sì fi Bàbá sílẹ̀, wọ́n pe oníṣègùn alárìnkiri tí ń fi abẹ́rẹ́ ti awò tí ó ṣú náà ṣubú sẹ́yìn inú ojú. Ní ọjọ́ tí ó ṣe é, Bàbá lè ríran bàìbàì, wọ́n á san owó, wọ́n á jó. Oníṣègùn á ti rìn lọ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lókè yìí, nínú 100 ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kátárátì sí, ó lé ní 40 tí ó jẹ́ pé irú abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi ṣe é. N kò mọ ohun mìíràn tí a fi lè pe èyí ju ìtìjú orílẹ̀-èdè lọ, nítorí pé ibi tí ilé ìwòsàn bá jìnnà tí owó rẹ̀ sì wúwo ni irú wọn ti ń rí oníbàárà.

Ó ku tiwa, àwa ọ̀dọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe TDB, ẹ fọkàn balẹ̀: ìwé kíkà lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ lè mú kí ojú rẹni kí orí sì fọ́ni, kò fọ́ni lójú. Fóònù náà kò fọ́ni lójú. Ẹ sáà máa gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kí ẹ wo ọ̀nà jíjìn. Awò ojú tí dókítà kọ fúnni kì í bà ojú jẹ́, ẹni tí ó nílò rẹ̀ tí ó kọ̀ láti wọ̀ ọ́ nítorí ṣakará ló ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì tí ó ń kọ 8 sílẹ̀ fún 3. Tìróò ńkọ́? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa bínú sí mi. Ní 2012, àjọ ìlera CDC ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn ọmọ oṣù mẹ́fà kan jáde ní Boston, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí májèlé òjé wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ara tìróò tí wọ́n kó láti ilé. Ẹ má lé tìróò fún ọmọ ọwọ́.

Àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ irin, bíi ẹ̀ka jórinjórin ní PTI Effurun, mọ̀ pé bójú-bójú dúdú gidi wà fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀gá wa lẹ́bàá títì, awò oge ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ẹlòmíràn kàn ń ṣẹ́jú ni. Iná náà kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn náà, láàárín òru, ojú á dà bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí i. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èérún irin tí ń fò lára ẹ̀rọ tí ń gé irin kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi kọ̀rọ̀ aṣọ tàbí igi ìṣáná yọ ọ́ fún ara yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ásíìdì, sìmẹ́ǹtì tàbí kọ́sítíìkì sódà ló ta síni lójú, nígbà náà nìkan ni mo fara mọ́ kí ẹ da nǹkan sójú: omi mímọ́, lójú ẹsẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má kọ́kọ́ wá ọkọ̀.

Mo ní àbá kan fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa. Lọ́dọọdún ni à ń ná owó sí aṣọ àti oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Yorùbá, n kò sì ní kí a má jó o, èmi gan-an ń jó. Ṣùgbọ́n ẹ yọ owó díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ pe àwọn elétò ojú láti ilé ìwòsàn wá sí ọgbà yìí fún ọ̀sán kan, kí wọ́n wo bí olúkúlùkù ṣe ń ríran, kí wọ́n wọn bí ẹyinjú ṣe le tó, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ojú. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní glaucoma ni kí ó kọ́kọ́ tò sórí ìlà, nítorí pé àrùn náà ń rìn nínú ìdílé, ó sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí wọ́n bá rí nǹkan sí lójú lè lọ sí UBTH ní Benin tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Oghara. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni ìsinmi bá a, UCH wà ní Ìbàdàn, LUTH wà ní Èkó.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ pe ilé lórí fóònù lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ti kí wọn tán, kí ẹ tó tọrọ owó, ẹ bi wọ́n léèrè pé: ta ni ojú rẹ̀ fọ́ nínú ìdílé wa, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà náà, ṣé ó dùn ún tàbí kò dùn ún? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí Bàbá fi ọwọ́ bo ojú kan kí ó fi èkejì wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, kí ó sì wá bo èkejì.